Ọwọ́ Tí Yóò So Ìgbànú Náà

Inú mi máa ń tètè ru. Ìyá mi a máa sọ pé omi tèmi kì í pẹ́ hó lórí iná, pé bí wọ́n bá ti rí èéfín, kí oníkálukú máa wá ibi tí yóò sá sí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nígbà tí mo lọ kọ́ kàràté ní Sokodé, mo tan ara mi jẹ pé oògùn ìbínú ni mò ń wá lọ. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé ohun tí mo ń wá ni ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ mi.

Kambolé, ìlú Yorùbá kan nítòsí ibodè Benin, ni wọ́n bí mi sí, sínú ilé àgbẹ̀ oníṣu. Nígbà tí mo lé díẹ̀ ní ogún ọdún ni mo kó lọ sí Sokodé láti kọ́ bí wọ́n ti ń tún alùpùpù ṣe. Àwa ọmọ Kambolé mẹ́ta la jọ gba yàrá kan ní Komah. Èdè Tem ni gbogbo àdúgbò ń sọ. Bí àwa bá ń sọ Yorùbá wa, wọn a bi wá bóyá ọmọ Benin ni wá. Ní ọjọ́ Àìkú kan mo gbọ́ ariwo láti inú ọgbà ilé-ìwé kan tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí. Mo yọjú wò ó, mo sì rí nǹkan bí ogún ènìyàn, àtàgbà àtọmọdé, tí wọ́n tò sórí ilẹ̀ pupa, tí wọ́n jọ ń ju ẹ̀ṣẹ́ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Bíríkìlà ni ọkùnrin tó ń kọ́ wọn. Sìmẹ́ńtì ṣì wà lẹ́yìn etí olùkọ́ náà. Mẹ́tírì ni gbogbo wa wá ń pè wọ́n, bí wọ́n ti ń pe olùkọ́ ní Faransé. Wọ́n bi mí léèrè ohun tí mo wá ṣe. Mo ní mo fẹ́ mọ ìjà jà. Wọ́n wo ọwọ́ mi tí epo ẹ́ńjìnnì ti dúdú mọ́ èékánná, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ gé e, kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo gé e, mo padà lọ. Ọdún méje ni mo fi lọ, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú àti ní òwúrọ̀ Àìkú, láìwọ bàtà lórí òkúta wẹ́wẹ́, títí tí a óò fi gbọ́ ìpè ìrun tí Mẹ́tírì yóò ní ó tó. Mo kọ́ kata, ìyẹn ìjà tí ènìyàn ń bá afẹ́fẹ́ jà, tí ìgbésẹ̀ kan kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Mẹ́tírì kà sí jù ni ẹ̀ṣẹ́ tó dúró. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ló lè ju ẹ̀ṣẹ́ kó bá imú ọmọ ènìyàn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni ẹni tó lè jù ú pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kó sì dá a dúró ní ìwọ̀n ìka kan sí imú ẹnìkejì. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù nínú gbogbo wa. Mẹ́tírì a máa pe àwọn tuntun kí wọ́n wá wò mí. Mi ò fọ́nnu, bẹ́ẹ̀ ló rí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń kà á rántí rẹ̀ títí tí n óò fi parí ọ̀rọ̀ mi.

Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ní àṣà kan tí mi ò gbọ́ pé ó wà níbòmíràn. Kí ènìyàn tó gba ìgbànú tuntun, ó gbọ́dọ̀ mú ẹlẹ́rìí kan wá láti ilé. Kì í ṣe ọ̀rẹ́, ará ilé gan-an ni. Ẹlẹ́rìí náà yóò dúró níwájú gbogbo wa, Mẹ́tírì yóò sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ọmọ yìí ti fi ohun tí mo kọ́ ọ lu ẹnikẹ́ni nínú ilé yín? Bí ó bá dáhùn pé rárá, òun náà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ìgbànú tuntun náà mọ́ ọmọ náà ní ìbàdí. Bí kò bá sí ẹlẹ́rìí, kò sí ìgbànú, bó ti wù kí ènìyàn mọ ìjà tó. Ní ilé wa, àwọn àgbà máa ń sọ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mẹ́tírì kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wí náà nìyẹn.

Ìyá mi ló wá fún ìgbànú aláwọ̀ òféèfé, èyí tó tẹ̀lé funfun. Wọ́n wọ ọkọ̀ akẹ́rù wá láti Kambolé, wọ́n dúró síwájú àwọn ọmọdé yẹn, ojú ń tì wọ́n. Wọ́n ní èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nílé, ṣùgbọ́n bí mo bá jẹun tán, abọ́ náà á wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n so ìgbànú náà mọ́ mi bí ìgbà tí wọ́n ń so ọ̀já ọmọ, ó le débi pé mi ò lè mí dáadáa. Fún ìgbànú aláwọ̀ ewé àti èyí tó jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, bàbá mi ni. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé a máa ń forí balẹ̀ fún àwòrán níbẹ̀. Mo ṣàlàyé pé kò sí àwòrán kankan, pé ara wa la ń kí, bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ṣe ń kí àgbà. Wọ́n wá, wọ́n yẹ ògiri ilé-ìwé náà wò yíká, kí wọ́n tó jẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n fún ìgbànú dúdú, òbí kò tó. Mẹ́tírì ní òbí a máa bo ọmọ. Ọmọ ìyá ni kó wá, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jẹ nínú abọ́ kan, tó mọ ìwọ tòótọ́. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ti lọ́kọ sí òdìkejì ibodè, ní Benin. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan ló kù.

Ọdún méjì péré ni ẹ̀gbọ́n mi yìí fi jù mí lọ, kò sì kúrò ní Kambolé rí. Ó ń bá bàbá ṣe oko, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ni ẹrù dídì. Lọ́dọ̀ wa, bí iṣu tàbí àgbàdo bá fẹ́ lọ sí ọjà Tchamba, ẹ̀yìn alùpùpù ni, àpò lórí àpò, tí wọ́n fi rọ́bà tí wọ́n là lára túbù táyà àtijọ́ dì. Ẹrù tí ẹ̀gbọ́n mi bá dì, kòtò kankan kò lè tú u. Àwọn ènìyàn a máa wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìdájí kó wá bá wọn dì í. Yóò fi orúnkún ti àpò, yóò fa rọ́bà náà títí tí iṣan ọrùn rẹ̀ yóò fi yọ, yóò ta á ní kókó kan tí ẹlòmíràn kò mọ̀ ọ́n ta, yóò sì gbá àpò náà lẹ́yìn pé ó di gbére. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun náà gba ìgbànú dúdú nínú ẹrù dídì. Bí mo ti ń gba ìgbànú kún ìgbànú, yẹ̀yẹ́ mi ń dá lórí i pé èmi ló mọ nǹkan, òun kò mọ nǹkan kan. Mi ò kíyè sí i nígbà náà. Òun kíyè sí i.

Ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo ti so ìgbànú aláwọ̀ ilẹ̀ fún bí ọdún méjì. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, mo sì wálé láti bá wọn kọ ebè fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, àwa méjì péré la wà lóko, ọwọ́ mi sì ti bó. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè kan tí mo kọ, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ mú ìgbànú mi wá kí n so ó mọ́ ọkọ́, bóyá ebè náà yóò ga. Àpárá lásán ni. Irú rẹ̀ la ti ń dá fún ara wa láti kékeré. Mo dá a lóhùn pé ẹni tí kò kúrò ní Kambolé rí, kí ló mọ̀ nípa ìgbànú. Ó ní ohun tí òun mọ̀ ni pé iṣu kì í ta lórí rẹ̀. Ó wá na ọwọ́ láti gbá mi nípàkọ́, bí ó ti máa ń ṣe láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé.

Mo gbá ọwọ́ náà mú. Mo yí i. Mo fi ẹsẹ̀ gbá tirẹ̀ kúrò nílẹ̀, mi ò sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀ nígbà tó ń ṣubú. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bá kùkùté kan, mo gbọ́ bí ó ti dún.

Fún oṣù mélòó kan mo ń sọ fún ara mi pé ara ló ṣe é, kì í ṣe ọkàn, pé ẹni tó bá ti kọ́ ìjà pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ a máa ṣáájú èrò rẹ̀. Irọ́ ni. Èmi tí mo lè dá ẹ̀ṣẹ́ dúró ní ìwọ̀n ìka kan? Láàárín ìgbà tí mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú àti ìgbà tí mo yí i, àyè wà. Nínú àyè yẹn mo rí ojú rẹ̀ tó ṣì ń rẹ́rìn-ín, mo sì rò ó nínú ara mi pé: jẹ́ kó mọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo yí i.

Kò pariwo. Ó jókòó sórí ebè tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan, ó ń wò ó. Èmi ni mo bú sẹ́kún. Nígbà tí a délé, kí bàbá wa tó béèrè, ó ti dá wọn lóhùn pé alùpùpù ló gbé òun ṣubú lọ́nà Goubi. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní Bago tó ń to eegun. Bàbá náà to ó dáadáa, ó fi igi dì í, ó ní kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ náà ṣe ohunkóhun fún ogójì ọjọ́. Ó yẹ kí n dúró kọ ebè tó kù. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ó yẹ, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ìdánwò ìgbànú dúdú kò tó ọdún kan mọ́, Mẹ́tírì kì í sì í fẹ́ kí ènìyàn pa ọjọ́ jẹ. Ní ọjọ́ karùn-ún mo gun alùpùpù mi, mo padà sí Sokodé. Òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni, bàbá wa sì ti dàgbà. Ní ọjọ́ kọkànlá ẹ̀gbọ́n mi tú igi náà kúrò lápá, ó gbé ọkọ́. Nígbà tí n óò fi tún rí i, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kò nà tán mọ́, ìka rẹ̀ méjì tó kẹ́yìn sì ti ká wọnú àtẹ́lẹwọ́. Kò lè fa rọ́bà mọ́. Àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìdájí kò wá mọ́. Mo rí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tó jókòó síwájú ilé, tó ń wo àwọn ènìyàn tí wọ́n ń di ẹrù wọn ní ìdìkudì, kò sì dá sí i. Ó dùn mí wọ egungun, síbẹ̀ mo tún padà lọ síbi kata mi.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá lẹ́yìn ọjọ́ oko yẹn, Mẹ́tírì ní mo ti tó, kí n lọ mú ọmọ ìyá mi wá. Mo gba Tchamba wá sí Kambolé, gbogbo ọ̀nà náà ni mo fi ń wá ọ̀rọ̀ tí n óò sọ. Nígbà tí mo dé, mi ò rí ọ̀kan sọ nínú rẹ̀. A jẹun tán kí n tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí òun sọ. Mo ní kó sọ ohun tó bá wù ú. Ìwà ojo nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n bí ó ti ń jáde lẹ́nu mi. Ó ní òun á wá.

Ó dé ní òwúrọ̀ Àìkú, ó wọ jàlámíà funfun tó máa ń wọ̀ lọ kírun Jímọ̀, èyí tí apá rẹ̀ gùn bo ìka. Mo mọ ìdí tó fi wọ̀ ọ́. Mo ṣe kata mi, mo bá àwọn mẹ́rin jà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ṣẹ́ mi dúró níbi tó yẹ kó dúró. Ọmọbìnrin kékeré kan gba ìgbànú aláwọ̀ òféèfé ṣáájú mi, ìyá rẹ̀ àgbà so ó fún un, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni Mẹ́tírì pe ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n bi í ní Tem, òun náà sì fi Tem tó gbọ́ ní ọjà Tchamba dá wọn lóhùn.

“Àbúrò mi kò gbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni nílé wa rí.”

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú sí mi. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ lára ni ìdùnnú. Mẹ́tírì gbé ìgbànú dúdú náà lé e lọ́wọ́. Ó wé e mọ́ mi ní ìbàdí lẹ́ẹ̀mejì bí wọ́n ti fi hàn án, ó sì fẹ́ ta á ní kókó. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yọ láti inú aṣọ. Etí ìgbànú náà bọ́ lábẹ́ ìka méjì yẹn. Ó mú un padà, ó tún bọ́. Ọmọdé kan rẹ́rìn-ín, wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi ní Yorùbá, ní ohùn jẹ́jẹ́, pé kí n dúró dáadáa. Lẹ́yìn náà ó tẹrí ba síwájú mi, ó fi eyín gbá etí ìgbànú náà mú láti fà á.

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹni tí ń di ẹrù fún gbogbo àdúgbò. Mẹ́tírì sún mọ́ wa, wọ́n bi í léèrè ohun tó ṣe ọwọ́ náà. Ó yọ ẹnu kúrò, ó ní alùpùpù ni, lọ́nà Goubi.

“Èmi ni,” mo wí. Mo sọ ọ́ ní Tem kí gbogbo wọn lè gbọ́. “Èmi ni mo ṣẹ́ ẹ. Ọwọ́ mi kò sì ṣáájú mi. Mo rò ó kí n tó ṣe é.”

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè sí mi, mi ò rí ìbínú bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ rí, kódà lóko lọ́jọ́ náà.

“Ta ló bi ọ́?” ó wí.

Mẹ́tírì tú ìgbànú náà kúrò ní ìbàdí mi. Wọ́n ká a ní mẹ́rin, wọn kò kánjú. Mo rò pé wọn yóò gbé e padà sínú àpò wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n gbé e fún. Wọ́n sọ fún un pé kó máa mú un lọ, pé ọjọ́ tí ọwọ́ yẹn bá so ó tí kò tú, kó mú èmi àti ìgbànú náà wá. Wọ́n yíjú sí àwọn ọmọdé, wọ́n ní kí wọ́n tò.

Mo bínú sí Mẹ́tírì. Wọ́n ti wo ọwọ́ náà, wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn kàn án, wọ́n mọ̀ pé kò ní nà mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lé mi, kí wọ́n lé mi. Kí ló dé tí wọ́n fa ẹni tí mo ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀, tí wọ́n fi iṣẹ́ rán an? Mi ò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn títí di òní. Mo fi alùpùpù mi gbé ẹ̀gbọ́n mi padà. A dúró ní Tchamba láti kírun Alásárì. Nígbà tí a ń wọ bàtà ló sọ̀rọ̀.

“O ba irọ́ mi jẹ́,” ó wí. “Kò rọrùn fún mi láti pa á.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́wàá péré ni, síbẹ̀ kò sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà tí òtítọ́ bá a. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ nílé, bàbá wa kò bá mi sọ̀rọ̀ fún odidi oṣù kan. Ìyá mi ní kí n má sọ ọ́ fún ará àdúgbò. Nílé ẹ̀kọ́, mo ṣì ń so ìgbànú aláwọ̀ ilẹ̀ mi, tó ti ṣá. Àwọn tí mo kọ́ ní ẹ̀ṣẹ́ tó dúró ti ń bá mi dọ́gba.

Láti ìgbà náà, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, Kambolé ni mò ń wà títí tí ebè yóò fi tán. Mẹ́tírì kì í bi mí léèrè ibi tí mo lọ. Ebè mi ti ga. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì máa ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n kì í rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ọjọ́ kan, mo gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ mú ọkọ́. Mo bá a níbẹ̀. Ó gbé àpò àgbàdo kan nàró, ó wé ìgbànú dúdú náà mọ́ ọn ní ìlọ́po méjì, ó ń bá kókó jìjàkadì. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ojoojúmọ́ ni, pé ó ti pẹ́. Ìgbànú náà ti rún, etí rẹ̀ kan ti ń tú, àmì eyín wà lára rẹ̀.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, fi í sílẹ̀. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́.”

Kò gbójú sókè. Ó ní, “Ta ló sọ pé nítorí tìrẹ ni? Mi ò tíì dárí jì ọ́. Mo fẹ́ fi ọwọ́ yìí so nǹkan kan kó dúró.”

Ó fà á. Kókó náà dúró bí ìṣẹ́jú kan, àpò náà yẹ̀ díẹ̀, ó sì tú. Ó tún wé e. Mo gbé ọkọ́ mi sílẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì di àpò àgbàdo náà mú kó má baà yẹ̀ mọ́.